Sandviken: Ẹgbẹ́ Àdúgbò Tó Tọ́ Ọmọ fún Ìlú Bergen

Pańla tó wà nínú ọbẹ̀ wa rìn jìnnà kó tó dé ìkòkò. Ní àríwá ilẹ̀ Nọ́wè, ní àwọn erékùṣù Lofoten, ni wọ́n ti ń pa ẹja náà. Wọ́n á so ó kọ́ sórí igi láti nǹkan bí oṣù kejì títí di oṣù karùn-ún, wọn kò ní í fi iyọ̀ kankan sí i, òtútù àti afẹ́fẹ́ ni yóò gbẹ ẹ́ títí yóò fi le koko. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ìlú Bergen ni ẹnu ọ̀nà tí ọjà yìí ń gbà jáde sí ayé, Nàìjíríà sì wá di ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ tó tóbi jù. Lára ibi tí wọ́n ń kó ẹja pamọ́ sí nígbà náà ni àwọn ilé onípákó gàgàrà tó tò sí etí omi ní àdúgbò kan tó ń jẹ́ Sandviken, ní apá àríwá àárín ìlú Bergen. Díẹ̀ nínú wọn ti di ilé tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ẹja pípa sí báyìí, ẹni tó bá sì wọ ibẹ̀ yóò rí i pé òwò tó so àwọn ará ibẹ̀ pọ̀ mọ́ ọjà tiwa kì í ṣe òwò kékeré.

Bọ́ọ̀lù la bá wá ṣá o, a kò bá ti ẹja wá. Bí èèyàn bá kúrò létí omi yẹn, tó ń gun òkè lọ láàárín àwọn ilé onípákó funfun tó fara ti ara wọn, yóò dé apá òkè àdúgbò náà, níbi tí pápá Stemmemyren wà. Níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ IL Sandviken fi ṣe ilé, níbẹ̀ náà sì ni wọ́n ti tọ́ àwọn obìnrin tó gba líìgì Nọ́wè lọ́dún 2021.

Ẹni tí kò bá mọ Bergen gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ nípa òjò rẹ̀. Òkè méje ló yí ìlú náà ká. Bí ìkùukùu bá ti orí òkun dé, tó forí sọ àwọn òkè yìí, ibẹ̀ náà ni yóò tú ẹrù rẹ̀ sí. Ó lé ní igba ọjọ́ lọ́dún tí òjò ń rọ̀ níbẹ̀. Ọmọ tó bá ní òun kò ní í lọ gbá bọ́ọ̀lù títí òjò yóò fi dá, inú ilé ni yóò dàgbà sí. Abájọ tí pápá ibẹ̀ fi jẹ́ ti koríko àtọwọ́dá, torí pé koríko gidi kò lè fara da òjò, yìnyín àti bàtà ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé láti àárọ̀ ọdún dé alẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án ọdún 1945 ni wọ́n dá IL Sandviken sílẹ̀. Ọjọ́ yìí ní ìtàn nínú. Ní oṣù kẹrin ọdún 1940 ni àwọn ọmọ ogun Hitler wọ Nọ́wè. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba tí wọ́n gbé kalẹ̀ fẹ́ gba gbogbo eré ìdárayá sí abẹ́ ara rẹ̀. Àwọn eléré ìdárayá ilẹ̀ náà kọ̀ jálẹ̀. Wọn kò ba nǹkan jẹ́, wọn kò gbé ìbọn, wọ́n kàn kọ̀ láti díje ni. Ẹgbẹ́ tú ká, pápá dá, àwọn tí ìjọba náà rí kó jọ sì ń ṣe eré tiwọn níwájú àga tó ṣófo. Bí ó ṣe rí fún nǹkan bí ọdún márùn-ún nìyẹn, tí àwọn kan sì ń yọ́ eré ṣe nínú igbó àti lẹ́yìn òkè. Lọ́jọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 1944, ọkọ̀ ojú omi kan tó kó ohun abúgbàù bú gbàmù ní èbúté Bergen. Ó pa èèyàn tó lé ní 150, ó sì ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́ yí èbúté náà ká. Nígbà tí ogun parí ní oṣù karùn-ún ọdún 1945, ìlú tó ti há mọ́ra fún ọdún márùn-ún tú jáde. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tuntun jáde nínú ìdùnnú yẹn, ti Sandviken sì wà lára wọn, oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn tí àlàáfíà dé.

Irú ẹgbẹ́ tí a ń sọ yìí yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Kò ní olówó kan tó jẹ́ ẹni tó ni ín. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ni ín, wọ́n á pé jọ lọ́dọọdún, olúkúlùkù á sì dìbò tirẹ̀, ìbò ẹyọ kan fún ẹni kan. Abẹ́ orúlé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni oríṣiríṣi eré máa ń wà pọ̀, kí ọmọ kan náà lè gbá bọ́ọ̀lù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó sì tún ṣe eré mìíràn nígbà òtútù. Bàbá tàbí ìyá ọmọ ni ó sábà máa ń jẹ́ kóòṣì ọmọ, láìgba kọ́bọ̀. Òfin eré ìdárayá àwọn ọmọdé níbẹ̀ pẹ̀lú ní ohun tó lè ya wa lẹ́nu: títí ọmọ yóò fi tó ọdún mọ́kànlá, wọn kì í to ẹgbẹ́ sí ipò kìíní, ipò kejì fún un. Kí ó ṣáà máa ṣeré ná.

Ibi tí owó ti ń wá ni iṣẹ́ ọ̀wẹ̀, tí wọ́n ń pè ní dugnad. Ẹ wo bí ó ṣe máa ń rí lọ́jọ́ Sátidé níbi ìdíje àwọn ọmọdé: ìyá kan dúró sẹ́yìn tábìlì pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń yan àkàrà òyìnbó pẹlẹbẹ kan tó ní ihò kéékèèké, jáàmù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kọfí ń hó nínú ìkòkò, bàbá kan sì ń gba owó. Owó aṣọ àti owó ọkọ̀ àwọn ọmọ ni wọ́n ń pa yẹn. Láàárín ọdún, wọ́n á tún pín ìdì bébà ìnùdí fún àwọn ọmọ láti tà fún aládùúgbò, ìdì ńlá ńlá tó kún ẹ̀yìn ọkọ̀, a kò sì rí aládùúgbò tó lè sọ pé òun kò lò ó. Láti ọdún 2009, ẹni tó bá ta tẹ́tẹ́ ìjọba tún lè yan ẹgbẹ́ àdúgbò tí ìpín díẹ̀ nínú owó rẹ̀ yóò máa lọ sí. Nínú owó ṣíún ṣíún báyìí ni bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin Nọ́wè ti jáde wá.

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn tó ń darí bọ́ọ̀lù ní Nọ́wè kò fẹ́ gbọ́ nípa obìnrin rárá. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Målfrid Kuvås, láti ẹgbẹ́ BUL ní Oslo, ló kó àwọn ọmọbìnrin jọ, tó sì ṣètò ìdíje lọ́dún 1970 láìdúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọdún 1976 ni àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ náà tó gba àwọn obìnrin wọlé. Lọ́dún 1978 ni ìdíje ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ fún obìnrin wáyé, BUL ló sì gbà á. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, ní ìpàdé FIFA ní Mẹ́síkò, Ellen Wille ti Nọ́wè dìde láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin, ó ní àwọn obìnrin náà gbọ́dọ̀ ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé tiwọn. Ọdún 1991 ni èyí àkọ́kọ́ wáyé.

Kíyè sí orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tó ń gba ife nígbà náà: BUL, Bøler, Sprint/Jeløy, Klepp, Asker. Nymark tó gba ife ti 1985, ọmọ Bergen ni. Ọ̀pọ̀ olùfẹ́ bọ́ọ̀lù ọkùnrin kò mọ orúkọ wọ̀nyí. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá tó ní pápá ńlá àti òǹwòran rẹpẹtẹ kò rí èrè nínú obìnrin, wọ́n sì gbójú kúrò. Ẹgbẹ́ àdúgbò ní tirẹ̀ ti ní ọmọbìnrin nínú ilé tẹ́lẹ̀. Bí mẹ́wàá nínú wọn bá ní àwọn fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, bàbá ọ̀kan nínú wọn ni yóò fi fèrè sọ́rùn.

Ọdún tó dùn jù fún Sandviken nígbà náà ni 1995. Nínú oṣù kẹfà ọdún náà, Nọ́wè lọ sí Swídìn fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ẹlẹ́ẹ̀kejì. Gro Espeseth, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tó le bí òkúta, wà lára wọn; Sandviken ni ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe èyí tí a máa ń fẹ́ rántí nílé wa. Lọ́jọ́ 6 oṣù kẹfà, ní Karlstad, Nàìjíríà ni wọ́n bá pàdé, mẹ́jọ sí òdo sì ni wọ́n fi na àwọn ọmọ wa. Kì í ṣe pé àwọn Super Falcons kò mọ bọ́ọ̀lù: lẹ́yìn náà wọ́n bá Kánádà ta ọ̀mì mẹ́ta sí mẹ́ta, ẹyọ gọ́ọ̀lù kan péré ni Ìlú Ọba sì fi borí wọn. Ohun tí wọ́n bá pàdé ní Karlstad ni ilẹ̀ kan tó ti ní líìgì orílẹ̀-èdè fún obìnrin láti 1987, tí àwọn obìnrin ibẹ̀ sì ti ń bá ara wọn figẹ̀ wọngẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Tiwa ń kó jọ nígbà tí ìdíje bá kù sí dẹ̀dẹ̀. (Ní Reims lọ́dún 2019, wọ́n tún pàdé ní Ife Àgbáyé, Nọ́wè tún borí, ṣùgbọ́n mẹ́ta sí òdo ni.)

Nínú gbogbo ìdíje 1995 yẹn, gọ́ọ̀lù mẹ́tàlélógún ni Nọ́wè gbá wọlé, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n gbà. Nígbà tí wọ́n na Amẹ́ríkà ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, wọ́n kúnlẹ̀ lórí pápá, oníkálukú di ọrùn ẹsẹ̀ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ mú, wọ́n sì ń fi eékún rìn kiri bí ọkọ̀ ojú irin, ní ìṣojú àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà. Inú bí àwọn ará Amẹ́ríkà, wọn kò sì gbàgbé rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Èmi kò rí àléébù níbẹ̀. Ẹni tó bá na Amẹ́ríkà nínú bọ́ọ̀lù obìnrin ní ẹ̀tọ́ láti yọ̀ díẹ̀. Wọ́n na Jámánì méjì sí òdo ní àṣekágbá ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà, ife di tiwọn.

Lọ́dún kan náà yẹn ni Sandviken gba ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè nílé. Espeseth wá gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà Òlíḿpíìkì ní Sydney lọ́dún 2000, lẹ́yìn náà ó lọ gbá bọ́ọ̀lù fún New York Power ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n dá líìgì tó ń san owó oṣù fún obìnrin sílẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò ní adùn púpọ̀. Trondheims-Ørn, Asker, Kolbotn, Røa, lẹ́yìn wọn LSK, àwọn ni wọ́n pín ọ̀pọ̀ jù nínú líìgì mọ́ ara wọn lọ́wọ́ fún ogún ọdún. Sandviken ń bọ́ sísàlẹ̀, ó ń gòkè padà. Nígbà tó yá wọ́n padà sí ìpele tó ga jù, wọ́n sì dúró níbẹ̀. Lọ́dún 2018 wọ́n dé àṣekágbá ife ẹ̀yẹ, LSK ló sì gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́.

Kóòṣì tó sọ wọ́n di ẹgbẹ́ mìíràn ni Alexander Straus. Ó kọ́ wọn láti máa gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ láti ẹ̀yìn wá, láti máa lé alátakò ní gbàrà tí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n má sì dúró de ẹnikẹ́ni. Lisa Naalsund ń darí àárín, Tuva Hansen wà lẹ́yìn, Elisabeth Terland wà níwájú, ẹni tí gọ́ọ̀lù kì í wọ́n lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lọ́dún 2021, ẹgbẹ́ àdúgbò tó ń ta bébà ìnùdí gba líìgì Nọ́wè. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá líìgì orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí Sandviken gbà á nìyẹn.

Ìgbà kan ṣoṣo náà sì ni, torí pé kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti fa ẹgbẹ́ náà lé SK Brann lọ́wọ́. Bí ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2022 ṣe pé, aṣọ pupa Brann ni àwọn obìnrin Sandviken wọ̀.

Brann ni ẹgbẹ́ tí gbogbo Bergen ń pè ní tiwa. Ọdún 1908 ni wọ́n dá a sílẹ̀, pápá rẹ̀ sì ti wà láti ọdún 1919. Nígbà tí àwọn ọkùnrin Brann gba líìgì lọ́dún 2007, ìlú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Owó, òǹwòran, ilé iṣẹ́ tó fẹ́ kọ orúkọ sára aṣọ, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìṣirò Sandviken kò ṣòro láti mọ̀: bọ́ọ̀lù obìnrin ti di iṣẹ́ oṣù ní Yúróòpù, Chelsea, Lyon, Barcelona àti Bayern ń náwó, iye tí a lè pa nídìí àkàrà òyìnbó kò sì lè gbé ẹgbẹ́ lọ bá wọn. Bí wọ́n bá dì í mú, ọwọ́ wọn náà ni yóò kú sí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbà tí Brann gba ẹgbẹ́ náà. Lọ́jọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 2021, àwọn ọkùnrin Brann dojú kọ Jerv, ẹgbẹ́ kékeré láti Grimstad, láti mọ ẹni tí yóò wà ní ìpele tó ga jù lọ́dún tó ń bọ̀. Mẹ́rin sí mẹ́rin ni wọ́n ta lẹ́yìn àfikún àkókò, pẹnáritì ló wá yanjú rẹ̀, Jerv ló borí. Brann ọkùnrin já sí ìpele kejì. Nítorí náà, ní gbogbo ọdún 2022, ẹgbẹ́ ńlá Bergen kò ní ẹnikẹ́ni ní ìpele tó ga jù lọ ní Nọ́wè àyàfi àwọn obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ Sandviken. Àwọn obìnrin náà kò sì dójú tì wọ́n: líìgì àti ife ẹ̀yẹ, méjèèjì ni wọ́n kó lọ́dún náà. Ẹni tó bá sọ pé Brann ló ṣe àwọn obìnrin yẹn lóore kò tíì parí ìtàn.

Láàárín ọdún 2022 ni Bayern Munich wá mú Straus lọ, Tuva Hansen sì tẹ̀ lé e. Straus gba líìgì Jámánì lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra níbẹ̀. Terland lọ sí Brighton, Naalsund lọ sí Manchester United, Terland náà sì dé Manchester United nígbà tó yá.

Bí ẹgbẹ́ ńlá ṣe gba àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àdúgbò ní Bergen kì í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Asker, tó bẹ̀rẹ̀ bí ẹgbẹ́ ìrìn orí yìnyín lọ́dún 1889, tó sì wá di ọ̀gá nínú bọ́ọ̀lù obìnrin, rí i tí àwọn obìnrin rẹ̀ lọ sí Stabæk lọ́dún 2009. Trondheims-Ørn tó gba líìgì léraléra di Rosenborg lọ́dún 2020. Kolbotn àti Røa ṣì ń jẹ́ orúkọ wọn, ṣùgbọ́n àtijọ́ ni wọ́n ti gba líìgì kẹ́yìn. Mi ò rí olè nínú èyí. Ẹni tó tọ́ ọmọ tí kò sì ní owó ilé ìwé gíga lè fà á lé ẹ̀gbọ́n tó rí já jẹ lọ́wọ́, kò sí ẹni tí yóò bú u. Ohun tí mo rí ni pé ẹ̀gbọ́n náà wà ní ìlú láti 1908, kò sì béèrè ọmọ náà nígbà tó ń rákòrò.

Ní sáà 2023 sí 2024, lábẹ́ kóòṣì Martin Ho tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Brann wọ ìpele ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ nínú líìgì àwọn aṣíwájú Yúróòpù. Lyon ti ilẹ̀ Faransé, St. Pölten ti Ọ́stríà àti Slavia Prague ni wọ́n jọ wà. Lyon tó ní Ada Hegerberg, ọmọ Nọ́wè tó jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ tó gba Ballon d'Or lọ́dún 2018, ló ṣe ipò kìíní, Brann ṣe ìkejì. Barcelona ni wọ́n wá pàdé lẹ́yìn náà. Inú àwọn ará ilé wa ì bá dùn láti rí Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, tó ń sáré lórí pápá Bergen, àmọ́ oṣù kejì ọdún 2024 ló fi Barcelona sílẹ̀ lọ sí Bay FC ní Amẹ́ríkà, oṣù kẹta sì ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà. Méjì sí ẹyọ kan ni Barcelona fi borí ní Bergen, mẹ́ta sí ẹyọ kan nílé wọn. Barcelona yìí náà ló gba ife náà ní òpin sáà. Ẹgbẹ́ tó gbá gọ́ọ̀lù kan wọ ilé wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nílé àti lájò kì í ṣe ẹgbẹ́ tí a lè fi ṣẹ̀sín.

IL Sandviken ṣì wà. Àwọn ọmọdé àdúgbò ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ibi tí mo ti ń bínú ni inú àwọn àkọsílẹ̀ ife, níbi tí wọ́n ti ń to ife ẹ̀yẹ 1995 àti líìgì 2021 sí abẹ́ orúkọ Brann, bí ẹni pé ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló wà láti ilẹ̀. Ẹgbẹ́ ọkùnrin ni gbogbo ayé mọ Brann sí lọ́dún 1995, nígbà tí Espeseth gbé ife yẹn sókè. Kí wọ́n kọ Sandviken sí iwájú ọdún méjèèjì. 2022 tó kó líìgì àti ife pọ̀ tó Brann láti fi bẹ̀rẹ̀.